Ìyàwó Tuntun Ló Ń Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Fèrè ọ̀sán ti ké lẹ́ẹ̀mejì kí Iyùnadé tó rí Láoyè tó ń sáré bọ̀ láti orí òkè, àwọ̀n ìrì kọ́ ọ lọ́rùn, bàtà rẹ̀ ń da yanrìn sókè. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí fèrè ké, kí ilẹ̀kùn sì ti ara rẹ̀. Ọwọ́ Iyùnadé wà lára férémù. A ò ní purọ́ fún ara wa: ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kí ilẹ̀kùn náà tètè tì.

Ó lé èrò náà jáde kíá. Oòrùn tí ń pa ewúrẹ́ mọ́ ìso ni oòrùn ayé tiwọn, kò sì sẹ́ni tí í ti èèyàn mọ́ta lásìkò fèrè, ìbáà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Láoyè fò wọlé, fèrè ké ẹ̀ẹ̀kẹta, irin ilẹ̀kùn dún gbì. Ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún jáde.

"Kéèbù tó ń gbé wa gòkè sọ̀kalẹ̀ ló dúró lágbedeméjì òkè," ni Láoyè wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹsẹ̀ ni mo fi sọ̀ kalẹ̀, ibí ló sì sún mọ́ mi jù. Ẹ má bínú, ìyáálé. Mo rántí ohun tí ẹ sọ láàárọ̀."

"Kí lẹ sọ fún un láàárọ̀?" ọkùnrin kan béèrè láti orí bẹ́ǹṣì.

Iyùnadé ò tètè yíjú. "Mo ní kí wọ́n sinmi lónìí ni, sà. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún wọn."

Irọ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì fi ránṣẹ́. Lókè ilẹ̀kùn, níbi tí pátákó ti ń ka ọkàn gbogbo ẹni tó wà nínú ilé pọ̀ di nọ́ńbà ìbàlẹ̀ ọkàn kan ṣoṣo, márùndínlọ́gọ́rin di mẹ́rìnléláàádọ́rin.

"Àyà rẹ ń sáré díẹ̀, Iyùnadé," ni Alábàárò wí fún un, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí ẹlòmíì ò gbọ́. "Ṣé kí n kọrin fún ọ?"

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà níbi tó jókòó sí nínú etí rẹ̀, kò tóbi ju ekùrọ́ lọ, ó pa á lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tí kò ní tirẹ̀. Ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ti ń fi í sétí ọmọ.

Ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ni Ọ̀gbẹ́ni Adérinóyè, tí Ilé-Iṣẹ́ Ìbàlẹ̀-Ọkàn rán wá yẹ ilé wò. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, aṣọ aláwọ̀ eérú ọrùn rẹ̀ sì mọ́ débi pé ojú ń ti àwọn tó jókòó tì í. Wàláà dídán kan wà lórí orúnkún rẹ̀. Aago mẹ́wàá àbọ̀ ló ti wọlé, kó lè rí i dájú pé inú ilé ni fèrè bá òun.

Ilé tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ìrì ṣe ni, ní ẹsẹ̀ Òkè Arégùn. Látìgbà tí odò ti gbẹ, àwọ̀n tí wọ́n ta sórí òkè ló ń gba ìrì òru fún ìlú mu, àwọn tó ń rán àwọ̀n náà ló sì ń pàdé níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ gbogbo. Ilé Ìbéèrè ni wọ́n ń pè é. Ẹ má wulẹ̀ ro yunifásítì sí i. Ní yunifásítì, wọ́n ti kó ẹ̀kọ́ ìrònú sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì ti sọ yàrá rẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó páànù sí. Àgbàlagbà tí ọwọ́ wọn le ló wà níbí, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni ìbínú wà fún, èwo nínú ìyọnu òun ló wà níkàáwọ́ òun, èwo ni kò sí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, kálukú á gba iṣẹ́ kan lọ sílé tó máa dán wò títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po. Iyùnadé tó ń darí wọn, ogún ọdún ló fi rán àwọ̀n. Ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní ni èyí tó so kọ́ ògiri, ìwé àṣẹ tí ìjọba fún ilé náà.

"Ìyàwó wa," Ìyá Bólúwajì pe Ọ̀gbẹ́ni Adérinóyè. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni ìyá yìí, ẹnu rẹ̀ ò sì ṣeé dì. "Ọ̀nà ọ̀fun ń gbẹ àwọn ìyáálé yín o. Omi wà nínú kùlà lẹ́yìn yín."

"Èmi?"

"Ta ló tún kù? Lónìí lẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilé yìí. Láoyè tí ẹ rí un ti lo ọdún méjì nílé ọkọ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, nọ́ńbà gòkè díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adérinóyè wo Iyùnadé bóyá ó máa bá ìyá náà wí. Iyùnadé kàn tọ́ka sí ògiri, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà kọ òfin ilé: ÌYÀWÓ TUNTUN LÓ Ń KỌ́KỌ́ SỌ̀RỌ̀. A KÌ Í LÉ ÌBÉÈRÈ JÁDE.

Ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ bí òfin yẹn ṣe débẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Iyùnadé á béèrè ọ̀rọ̀, Bàbá Olúmọkọ́ tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ á dáhùn, àwọn yòókù á ní "bí bàbá ṣe wí ni." Ó parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Iyùnadé ti fẹ́ túká wọn kó tó rántí ilé ọkọ rẹ̀, níbi tó ti ń kúnlẹ̀ kí ọmọbìnrin ọdún méje, tó ń pè é ní "ọkọ mi," torí pé ọmọ náà ti wà nílé kí òun tó dé. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni àgbà, ọjọ́ orí ò sí ńbẹ̀. Ó mú òfin yẹn, ó sì fi tirẹ̀ lé e pé kí ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ìyáálé sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ẹnu àgbà má baà pa ẹnu ẹni tó kéré dé. Ọjọ́ yẹn ni Ilé Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adérinóyè dìde, ó bu omi. Ó gbé e káàkiri láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé igun tí Bàbá Olúmọkọ́ jókòó sí.

"Omi rèé, bàbá."

"A dúpẹ́."

"Ooru mú lónìí, àbí?"

"A dúpẹ́," ni bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Iyùnadé kì í lè wo igun yẹn pẹ́. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò ọdún tó kọjá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ baba bàbá yìí, wọ́n fẹ́ ri òpó àwọ̀n síbẹ̀, bàbá ń béèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń dárí ji ẹni tí kò tíì tọrọ. Ó ń bínú, ó ń gbọ̀n, gbogbo ilé ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, nọ́ńbà já sí méjìléláàádọ́ta, ó sì rẹlẹ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ. Ẹni tó wá nígbà náà na wàláà sí Iyùnadé: ta ló fà á, ilé ni àbí ẹnì kan? Iyùnadé tẹ orúkọ bàbá. Ilé ò tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi tọ́jú bàbá ní Ilé Ìsinmi, ó padà dé, ó sanra, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìdí tó fi lọ kan ilẹ̀kùn Láoyè láàárọ̀ kùtù nìyẹn, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá.

"Ó dáa," ó wí, ó gbìyànjú kí ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Ìbéèrè wa tòní ni pé, kí ni ó tó? Ìgbà wo lèèyàn ń mọ̀ pé ohun tóun ní ti tó òun? Ìyàwó wa, ẹ̀yin la fẹ́ gbọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Adérinóyè fi ìka yí wàláà rẹ̀. "Mo ti ka ìbéèrè yìí rí. Nínú ìròyìn oṣù kẹta ni. Ó tún wà nínú ti oṣù kẹfà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, nọ́ńbà yín kò kúrò ní mẹ́rìnléláàádọ́rin." Ó gbójú sókè. "Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé tí kò bá kúrò lójú kan, wọ́n ń ṣeré fún mi wò ni. Ṣé kò sẹ́ni tó mú ìbéèrè tirẹ̀ wá látilé?"

Ooru ń sọ̀ kalẹ̀ láti ara páànù, fáànù ń lọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Iyùnadé ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run ní kékeré pé kí Ìyá Bólúwajì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan.

Láoyè ló dìde.

"Èmi ní ọ̀kan," ó wí. Àwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń fi ìka wá ihò inú rẹ̀ láìwò ó. "Àbẹ̀ní, ìyàwó mi, kú, ó di oṣù mẹ́ta lónìí. Lọ́jọ́ kejì tí a sin ín, Alábàárò mi fi ohùn rẹ̀ jí mi. 'Olówó orí mi, ẹ káàárọ̀.' Ó dùn mọ́ mi. Mo sunkún ayọ̀." Ìka rẹ̀ kan ihò kan. "Ṣùgbọ́n Àbẹ̀ní tèmi kì í kí èèyàn láàárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀. Àfi tó bá mu omi gbígbóná rẹ̀ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kanra mọ́ ọ. Tí mo bá gbé bàtà òkè wọlé, ó dìjà. Lọ́jọ́ Ajé, mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gun orí ẹní. Mo dúró lé e. Mo ń retí. Ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, olówó orí mi.'"

Mẹ́rìndínláàádọ́rin. Iyùnadé rí i bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀.

"Ìbéèrè mi ni pé," Láoyè ń bá a lọ, "ṣé ó burú tí mo bá fẹ́ kó dùn mí?"

Mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n Láoyè," Iyùnadé já lu ọ̀rọ̀, "ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní bí a ṣe ń gbé irú ẹ̀ kalẹ̀."

Láoyè wò ó. Kò jiyàn. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó dìde lórí àga ẹlòmíì, ó sì ń ká àwọ̀n rẹ̀ jọ. Nọ́ńbà dúró, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Ojú ti Iyùnadé débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ọdún mẹ́rin ló fi ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má sá fún ìbéèrè, òun ló wá ń lé e jáde nítorí nọ́ńbà ara ògiri.

"Ìyáálé," ni Ìyá Bólúwajì pè é. Kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. "Ìbéèrè ti wọlé. Ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́ sára ògiri pé a kì í lé e."

Iyùnadé wo ògiri, ó wo pátákó, ó wo igun Bàbá Olúmọkọ́. Nígbà tó yá ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n Láoyè. Ìbéèrè yín la ń jíròrò lónìí. Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Adérinóyè wú ikọ́. "Ìrora tó ṣeé yẹ̀ kò lérè kankan," ó wí, ọ̀rọ̀ náà ń jáde bí ohun tó ti há sórí. "Ẹni tó bá ń rọ̀ mọ́ ọn ń ṣàárẹ̀ ni, ìtọ́jú sì wà fún un. Ìdáhùn mi nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, ìyàwó wa," ni Ìyá Bólúwajì wí. Oṣù mẹ́jọ ló ti wà nílé náà, òun ló kàn. "Èmi ò gbà. Àwọn tó bí wa ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wọn ò ní ká dákẹ́ ká tó ríran. Nígbà tí ọkọ mi kú, mi ò rí nǹkan kan, torí pé n ò sunkún. Orin ni mo gbọ́ fún ogójì ọjọ́. Bí mo ṣe fẹ́ràn ọkùnrin náà tó, ọdún kẹta ni mo tó mọ̀, nígbà tí mo rí fìlà rẹ̀ lábẹ́ àpótí."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì. Ẹ má rò pé ẹnu wọn kò. Nígbà tó kan Rẹ̀mílẹ́kún, obìnrin tó ń wa kéèbù lóru, tó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó fajú ro.

"Ẹ má bú ẹ̀rọ lójú mi," ó wí. "Ọmọ mi kú lọ́wọ́ mi. Bí kì í bá ṣe ohùn yẹn, n ò ní dìde lórí ẹní, n ò sì ní lè fún èyí tó kù lọ́mú. Ìrora ò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ó fẹ́ pa mí ni."

"Mi ò ní kò dáa, ìyáálé," Láoyè dá a lóhùn wẹ́rẹ́.

"Kí lẹ wá fẹ́ fi ìrora ṣe tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́?" Ọ̀gbẹ́ni Adérinóyè ló béèrè, kò sì tíì yẹ kó tún sọ̀rọ̀. Ó ti tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ó ti gbàgbé wàláà rẹ̀ sílẹ̀.

Láoyè ronú sí i. "Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnì kan kú," ó wí. "Bó ṣe wà yìí, kò sẹ́ni tó kú nílé mi."

Rẹ̀mílẹ́kún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Nígbà tó kan Bàbá Olúmọkọ́, wọ́n dúró de ìdáhùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó sì ní a dúpẹ́.

Ó wá ku Iyùnadé. Ìyáálé kì í dájọ́ nílé náà, iṣẹ́ ló ń fúnni. Ó sún mọ́ Láoyè, ó jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀.

"N ò mọ̀ bóyá ó burú tàbí kò burú," ó wí. "Ṣùgbọ́n òfin gbà wá láyè ká yọ Alábàárò fún ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́, ká lè fọ etí. Lọ́la, kó tó dún, ẹ yọ ọ́. Ẹ gbé omi Àbẹ̀ní kaná, ìwọ̀n kọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an. Ẹ jókòó tì í títí á fi hó. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ nínú ilé yẹn, tó dùn o, tó korò o, ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ tún un fi sétí. Kẹ́ ẹ wá sọ fún wa lọ́jọ́bọ̀."

"Ta ni á mu omi náà?" Láoyè béèrè.

Ìbéèrè yẹn ló fọ́ ọ. Ó fi àwọ̀n bojú, ó sunkún bí àgbà ọkùnrin ṣe ń sunkún, láìpariwo, tí èjìká ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ìyá Bólúwajì bá a sunkún. Rẹ̀mílẹ́kún tó ti ń jiyàn náà sunkún. Nínú etí gbogbo wọn ni Alábàárò ti ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ bó ṣe ń kùn, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ tirẹ̀.

Fèrè aago mẹ́rin ló bá wọn bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, afẹ́fẹ́ wọlé. Nọ́ńbà tó wà lójú pátákó dúró gbagidi: mọ́kànlélógójì.

Ọ̀gbẹ́ni Adérinóyè gbé wàláà rẹ̀, ó mú Iyùnadé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan péré ló wà lójú rẹ̀, pẹ̀lú àyè méjì tí wọ́n lè tẹ̀: TA LÓ FÀ Á? ILÉ. ẸNÌ KAN.

"Ẹ mọ̀ ọ́n lò," ó wí. "Ìwé fi hàn pé ẹ ti lò ó rí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ara ọkùnrin yẹn ò yá, ẹ̀yin náà rí i. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, ilé yín á sì dúró. Bẹ́ ẹ bá tẹ ilé, mo máa gba ìwé àṣẹ. Láìsí i, ẹni mẹ́fà pàápàá ò ní lè jókòó pọ̀ níbí mọ́."

Láoyè ti dúró lẹ́yìn wọn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ tẹ̀ mí, ìyáálé. Ẹ má jẹ́ kí ilé tú nítorí tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni."

Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Rẹ̀mílẹ́kún ń bọ̀ wá síbí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nítorí pé inú ilé yìí ló ti kọ́ bó ṣe lè ka ení dé ogún bí inú bá ń bí i, kó tó gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ tó kù fún un. Ìyá Bólúwajì àti àbúrò rẹ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, àfi ìgbà tó gba iṣẹ́ kan lọ sílé níbí. Ẹni mọ́kànlá ni wọ́n, kò sì síbòmíì tí wọ́n lè lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni Láoyè, ó sì ti fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìṣirò náà ṣe rí lọ́dún tó kọjá, Iyùnadé sì ṣe é, ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní igun lọ́hùn-ún tó ń rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ ẹ bá dé láti ibẹ̀," ó sọ fún Láoyè, "ẹ ò ní rántí béèrè ẹni tó máa mu omi."

Ó tẹ ILÉ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé.

Ọ̀gbẹ́ni Adérinóyè wo ojú wàláà náà, ó jọ pé ó ń retí kó yí padà. Kò yí padà. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó yọ ìwé àṣẹ kúrò lára ìṣó, ó fi sábẹ́ apá. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń kó ẹrù wọn, wọn ò wo ara wọn lójú. Ìyá Bólúwajì da omi tó kù nínú kọ́ọ̀bù padà sínú kùlà, torí pé ní ìlú náà, a kì í da omi nù nítorí ìbànújẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin aláṣọ eérú náà dúró. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Ẹ ní ìyàwó tuntun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ó wí. "Mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni mo sọ. Ìyá mi kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Àràárọ̀ ni Alábàárò ń fi ohùn rẹ̀ ki oríkì jí mi. Oríkì náà ò pé. Ó máa ń dé ibì kan, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi mọ èyí tó kù. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń mọ ibi tó ti yẹ kó tẹ̀síwájú. N ò mọ̀ ọ́n mọ́, n ò sì rẹ́ni tí n ó bi." Ó gbé ìwé àṣẹ náà dáadáa sábẹ́ apá. "Kò burú, Láoyè. Ìdáhùn mi nìyẹn."

Ó bọ́ sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó lọ. Kò dá ìwé náà padà. Òfin ni òfin, ẹ̀rọ sì ti gba ohun tí wọ́n tẹ̀.

Àwọn tó kù tẹ̀ lé e lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láoyè fọwọ́ kan èjìká Iyùnadé, ó lọ. Ó wá ku Bàbá Olúmọkọ́, torí pé bàbá kì í kúrò níbi tí wọ́n bá fi í sí àfi tí wọ́n bá fà á lọ́wọ́.

Iyùnadé lọ bá a ní igun, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tó ṣì gbóná.

"Bàbá," ó wí, "èmi ni mo tẹ orúkọ yín lọ́dún tó kọjá. Ẹ ò ṣàárẹ̀. Ìbéèrè lẹ béèrè, n ò sì fẹ́ kí ilé tú. Èmi ni mo fi yín ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá Olúmọkọ́ wò ó tìfẹ́tìfẹ́, ojú rẹ̀ mọ́, kò sí àwọsánmà kan níbẹ̀.

"A dúpẹ́," ó wí.

Ó ń wá ojú rẹ̀, ó ń wá ìbínú kékeré kan níbẹ̀ tí ì bá fi bú òun. Kò rí i. Nígbà náà ni ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Iyùnadé," ni ohùn jẹ́jẹ́ náà wí nínú etí rẹ̀, "ọkàn rẹ ò balẹ̀ rárá. Ṣé kí n kọrin fún ọ?"

"Má kọrin," ó wí. "Jẹ́ kó dùn mí."

Ó yọ ọ́ létí, ó jù ú sápò, ó di ọwọ́ bàbá mú, ó sì ń mú un lọ sílé.